Páálí Kì Í Parọ́, Àwa Ni

Igbá mi tó ti fọ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣeé kà mọ́. Igbá fínfín ni mo ń tà. Bí mo bá gbé páálí dé gáréèjì Òwódé, mà á bẹ aláàárù pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú o, igbá ni." Wọ́n á ní, "Kò séwu, ìyá onígbá." Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bẹ̀ l'Ọ̀yọ́ kọ́ ni yóò já ẹrù ní Tákié, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹnu mi kò lè dé ibẹ̀. Ohun tó wà lára páálí nìkan ló lè bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ife sára páálí: ohun tó wà nínú rẹ̀ lè fọ́. Ọfà méjì tó dojú kọ òkè ń sọ ibi tí orí wà. Agboòrùn ní kí òjò má pa á. Òmíràn tún wà tó jẹ́ àwòrán páálí tó wà léra wọn pẹ̀lú nọ́ńbà. Iye tí èèyàn lè tò léra nìyẹn, kí ti ìsàlẹ̀ má bàa rún. Àwòrán ni wọ́n lò nítorí páálí tó kúrò ní Ṣáínà yóò gba ọwọ́ àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn kó tó dé Àpápá. Ìlànà ISO 780 ló sọ àwọn àmì yìí di ọ̀kan náà káàkiri ayé.

Kí ló wá dé tí ọmọ gáréèjì wa kì í kà á sí? Mo ti bínú sí wọn títí. N kò bínú mọ́. Páálí àlòkù ni gbogbo wa ń lò! Ẹnì kan á di aṣọ òkè sínú páálí tẹlifíṣọ̀n, ẹlòmíràn á rọ ẹ̀lùbọ́ sínú páálí ife. Aláàárù tó ti rọra gbé páálí oníife, tó sì rí i pé gààrí ló ń dà jáde nínú rẹ̀, ṣé yóò tún gba àmì gbọ́? Àwa tí à ń di ẹrù la sọ àmì di òpùrọ́.

Ní tèmi, mo máa ń fi téèpù bo gbogbo àmì àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ń ya ife sí, nítorí bí wọ́n bá gbé ẹrù mìíràn lé e, ti orí ti bò mọ́lẹ̀ nìyẹn. Mo sì ń kọ IGBÁ gàdàgbà sí i. Kò sí aláàárù Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ igbá.

Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn tún le ju tiwa lọ. Ọdún 2008 ni májèlé wọ oògùn eyín ọmọdé kan, My Pikin, tó pa ọmọ tó lé ní 50 ní Nàìjíríà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà wíntìwíntì ara páálí oògùn ń wúlò: òun ni onísọ́ọ̀bù fi ń mọ èyí tí yóò kó kúrò lórí káńtà. Àbúrò mi tó ń ta oògùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ju páálí nù títí oògùn inú rẹ̀ yóò fi tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Òwódé àti Tákié, mo bẹ̀ yín, ẹ máa pa àmì àtijọ́ rẹ́ kí ẹ tó gbé páálí fún awakọ̀.