Bàbà Iwin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òkúta kan wà nínú àpótí onígíláàsì ẹni tí ó ń kó òkúta jọ, tí a kò wo ilé rẹ̀ kí ó tó gba orúkọ. Nickeline ni wọ́n ń pè é lónìí. Ó pupa bí bàbà, ó ń dán, ó sì wúwo ju bí àlejò ti lè rò lọ.

Àwọ̀ pupa yìí ni ó tan àwọn awakùsà orí òkè Erzgebirge ní Jámánì jẹ láyé àtijọ́. Wọ́n rò pé bàbà ni. Wọ́n wà á, wọ́n gbé e sínú iná ìléru. Bàbà kò jáde. Èéfín olóró tí ń rùn bí aáyù ni wọ́n rí. Ta ni yóò ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ lásán tí inú kò ní bí i? Wọ́n ní iwin kan tí ń jẹ́ Nickel ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì sọ òkúta náà ní Kupfernickel, èyí ni bàbà iwin.

Axel Fredrik Cronstedt, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kò bú òkúta ní tirẹ̀. Àyẹ̀wò ni ó ṣe. Ní 1751, ó yọ irin funfun líle kan jáde láti inú òkúta tí wọ́n wà ní Los. Nígbà tí ó rí i pé irin kan náà ni ó wà nínú Kupfernickel, ó sọ ọ́ ní níkẹ́ẹ̀lì ní 1754. Ó gé bàbà kúrò nínú orúkọ àtijọ́, ó fi iwin sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, irin tí a bú yìí di ohun tí a ń pò mọ́ bàbà gidi láti fi ṣe owó. Ó wà nínú 5 kọ́bọ̀, 10 kọ́bọ̀ àti 25 kọ́bọ̀ tí Nàìjíríà gbé jáde ní 1973.

Síbẹ̀, àwọn awakùsà kò ráhùn lásán. Nínú 100 gíráàmù nickeline, bí 44 ni níkẹ́ẹ̀lì. Bí 56 tí ó kù, arsenic ni, ohun tí ń pani. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ni ín fi ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ó bá gbé e, tí kò sì jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fojú kékeré wò ó.

Ẹni tí ó pè é ní bàbà ṣì í mọ̀. Ẹni tí ó pè é ní iwin kò mọ̀ ọ́n tán. Ẹni tí ó bá wo ilé rẹ̀ dáadáa ni yóò rí i pé ọrọ̀ àti oró jọ ń gbé inú yàrá kan náà.