Alùpùpù Bàbá Mi

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ lónìí. Olè kọ́ ni mo jà, n kò sì purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní tèmi, kì í ṣe tara mi ni ó bá mi dákẹ́. Ti àbúrò mi obìnrin ni, ẹni tí a jọ mu ọmú ìyá kan náà.

Máfolúkù ní Òṣòdì ni ilé wa wà. Ẹni tí ó bá mọ Òṣòdì mọ̀ pé ariwo kì í tán níbẹ̀: rélùwéè ń kọjá, dáńfó ń fọn fèrè, bàálù sì ń rẹlẹ̀ lórí òrùlé wa bí ẹni pé ó fẹ́ wọlé wá jẹun. Nínú ariwo yìí ni bàbá mi ti fi ọ̀kadà bọ́ wa fún ọdún méjìdínlógún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ìtàn orúkọ yìí: Okada Air ni ilé-iṣẹ́ bàálù kan ń jẹ́, ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Edo ni ó sì ti mú orúkọ náà. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i bí alùpùpù ti ń gbé èrò kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bí ẹni ń fò, wọ́n bá fi orúkọ bàálù sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fò a máa balẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin lé ọ̀kadà kúrò ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, òfin ọ̀hún dé ọ̀dọ̀ wa ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, pẹ̀lú Mùṣin, Ṣómólú àti Kòsọ́fẹ̀. Bàbá mi nu alùpùpù rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó tì í sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi tapólì bò ó. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n so mọ́lẹ̀ yìí." Lẹ́yìn náà, ó rí iṣẹ́ ọlọ́dẹ sí ilé ìkẹ́rùsí kan, ó sì fi ọkọ̀ ẹrù gbé alùpùpù náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní abà wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó má baà dípẹtà.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà yìí ni àbúrò mi Àdùkẹ́ wà nígbà náà. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, ìdánwò àtiwọ yunifásítì kò tíì bọ́ sí i, a sì ní kí ó lọ ran arúgbó lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ó ti abà náà lọ sí ọjà kì í ṣe ọ̀nà tí a ń fi ẹnu ròyìn. Ẹrẹ̀ pupa ni, gbòǹgbò igi dábùú rẹ̀, odò kan sì là á kọjá tí ó jẹ́ pé igi ìtì méjì ni afárá rẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, kò sí mọ́tò tí ó ń dé ibẹ̀. Orí ni àwọn obìnrin fi ń ru gaàrí wọn.

Àdùkẹ́ tú tapólì kúrò lára alùpùpù bàbá wa. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ń gbé gaàrí àti kòkó àwọn ará abà lọ sí ọjà, ó sì ń gba owó tí ó mọ níwọ̀n. Ní òru ọjọ́ kan tí ibà ká ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀, òun ni ó gbé ìyá àti ọmọ dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà wà láàyè dòní.

Ìròyìn tí ó dé Òṣòdì kò mẹ́nu ba ọmọ tí ibà ń ṣe. Ohun tí wọ́n wá sọ ni pé ọmọbìnrin wa ti di ọlọ́kadà, ó ń la itan lórí alùpùpù nínú ìgbẹ́, kò sì sí ọkùnrin gidi tí yóò fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Ìsọlọ̀, pe ìpàdé ẹbí. Àdùkẹ́ wá láti abà. Kí a tó jókòó, ó fà mí sí ẹ̀yìn ilé, ó ní:

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin ni ẹ kàwé nínú wa. Bí mo bá sọ ọ́, wọn á ní mo ya aláìgbọràn. Ẹ bá mi sọ ọ́."

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. A jókòó. Bàbá Ìsọlọ̀ sọ̀rọ̀ títí, lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi: "Akọ̀wé, kí ni ìwọ rí sí i?" Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu mi gbẹ. Mo ní, "Bí ẹ̀yin àgbà bá ti wí ni, sà." Àdùkẹ́ kò sunkún, kò sì bá mi jà. Ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Wọ́n dájọ́ pé kí a ta alùpùpù náà kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí Àdùkẹ́ sì lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

Mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, ìwò yẹn sì bá mi lọ. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ pọ̀ mọ́ Yorùbá. Láìpẹ́ olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù wá ìwé kan nípa eré ìdárayá kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Èyí tí ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ dá lórí obìnrin kan tí ń gun alùpùpù níbi tí kò sí ọ̀nà. Mo rò pé ẹnì kan ló fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín.

Orúkọ obìnrin náà ni Laia Sanz. Ọdún 1985 ni wọ́n bí i ní Corbera de Llobregat, ìlú kékeré kan nítòsí Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì. Ìje mẹ́ta ni ó mọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yàtọ̀ sí ara wọn bí ayò ti yàtọ̀ sí ìjàkadì. Èkíní ni wọ́n ń pè ní trial. Èyí kì í ṣe eré sísá rárá. Orí àpáta àti ìtì igi ni a ó ti gun alùpùpù kọjá láì fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmì àṣìṣe kan. Bí a bá ṣubú, márùn-ún. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá kéré jù ni ó borí. Sanz gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn obìnrin àgbáyé nínú ìje yìí nígbà mẹ́tàlá, láti ọdún 2000 sí 2013. Èkejì ni enduro: inú igbó, ẹrẹ̀ àti òkè ni wọ́n ti ń ṣe é, agogo ni wọ́n sì fi ń wọn olúkúlùkù. Láti 2012 títí dé 2016, ọdọọdún ni ó ń gba ipò kìn-ín-ní ti àwọn obìnrin.

Ẹ̀kẹta ni Dakar, èyí tí ó kan ilẹ̀ wa. Ará Faransé kan, Thierry Sabine, ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ gbéra ní Paris. Wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà já, wọ́n gba Àlgéríà, Niger, Mali àti ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, títí wọ́n fi dé Dakar ní Senegal. Ewu wà nínú rẹ̀: Sabine fúnra rẹ̀ kú ní Mali ní ọdún 1986 nígbà tí hẹlikọ́pítà tí ó wọ̀ já lulẹ̀ lákòókò ìje náà. Ní 2008, ìbẹ̀rù àwọn apániláyà kò jẹ́ kí ìje náà wáyé. Ní 2009 wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 2020 wọ́n sì gbé e lọ sí Saudi Arabia. Orúkọ Dakar kò yí padà, bí ẹni tí ó kó kúrò ní Òṣòdì tí a ṣì ń pè é ní ará Òṣòdì.

Nínú Dakar, ọ̀nà kan náà ni ọkùnrin àti obìnrin ń gbà, ní ọjọ́ kan náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún 2011 ni Sanz kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó sì gba ipò 39. Ní 2013, ó ṣe ipò 93. Ní 2015, ó ṣe ipò 9. Kò sí obìnrin tí ó tíì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí alùpùpù nínú ìje yẹn. Ìgbà mọ́kànlá ni ó fi alùpùpù lọ, títí di 2021, ìgbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni ó sì parí rẹ̀, kí ó tó bọ́ sínú mọ́tò ní 2022.

Bí mo ti ń túmọ̀ ni mo rí ohun kan. Faransé kò jẹ́ kí n gbàgbé pé obìnrin ni. Gbogbo ìlà ni ó ń tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ ọ́ ní Yorùbá, "ó" ni. Ó ṣubú, ó dìde, ó dé. Èdè wa kò bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo padà sí Máfolúkù. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí gbèdéke tí wọ́n dá fún títa alùpùpù pé. Wọ́n mú iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa sì jókòó síta, Bàbá Ìsọlọ̀ pẹ̀lú wa. Mo ní kí n fi ìtàn kan dá wọn lára yá. Mo ní ẹnì kan wà ní ilẹ̀ Sípéènì. N kò dárúkọ rẹ̀. Mo sọ ti àpáta, mo sọ ti ẹrẹ̀, mo sọ ti aṣálẹ̀. Bàbá Ìsọlọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Akin ọkùnrin!" Bàbá mi, tí ó mọ iṣẹ́ náà, bèèrè pé, "Lọ́dún tí ó ṣe ipò kẹtàléláàádọ́rùn-ún yẹn, kò ju alùpùpù náà sílẹ̀?" Mo ní kò jù ú sílẹ̀, ó gùn ún délé. Ó mi orí, ó ní, "Ọ̀gá ni." Ìyá mi nìkan ni kò yìn ín. Ó ní, "Ìyá tí ó bí i ńkọ́? Ǹjẹ́ ó ń rí oorun sùn?"

Mo ní, "Mà, obìnrin ni ẹni tí mo ń wí."

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Bàbá Ìsọlọ̀ ní, "Kí ló dé tí o fi pè é ní ọkùnrin?"

"N kò pè é bẹ́ẹ̀, sà. Ó ni mo ń wí."

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fi èdè dẹ pàkúté fún wa. Òyìnbó sì ni, tiwọn yàtọ̀." Mo ní ní ọdún 2024, ọmọbìnrin orílẹ̀-èdè wa, Ebaide Udoh, dá nìkan gun alùpùpù láti Mombasa ní Kenya wá sí Èkó. Kò fèsì sí ìyẹn. Ó ní, "Ẹni tí yóò fẹ́ ẹ ni mò ń wá, kì í ṣe ẹni tí yóò yìn ín." Nígbà náà ni mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́: ní ọjọ́ ìpàdé, nígbà tí wọ́n bi mí léèrè, irọ́ ni mo fi ìdákẹ́ pa. Àdùkẹ́ bẹ̀ mí, mo ṣèlérí, ẹ̀rù sì bà mí.

Bàbá mi ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Gbogbo wa mọ àpá tí ó wà níbẹ̀, èyí tí dáńfó kan fi sí i lára ní Ṣógúnlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀nà kò bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kí ó tó dá ènìyàn lẹ́sẹ̀. N kò gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n alùpùpù mi ni. Mi ò tà á mọ́. Kí ó ra akoto, kí ó má sì gbé ju ènìyàn kan lọ." Ìyá mi ní òun kò fọwọ́ sí i, òun kò sì ní bá wọn jà. Bàbá Ìsọlọ̀ dìde, ó ní ilẹ̀ ti ṣú. Títí di òní, inú rẹ̀ kò tíì dùn sí ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé akoto lọ sí abà. Àdùkẹ́ gbà á, ó dán an wò, ó ní, "Ẹ gun ẹ̀yìn, Bọ̀ọ̀dá mi." Òjò ti rọ̀. A la ẹrẹ̀ kọjá, a gun gbòǹgbò kọjá, mo dì í mú bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí a dé ibi igi ìtì méjì tí ó dábùú odò, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. Òun gun tirẹ̀ kọjá, ó dúró dè mí ní òdìkejì, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ẹsẹ̀ tèmi ni ó kanlẹ̀ lọ́jọ́ náà.