Lábẹ́ Ọ̀nà Bàálù ní Ìfàkò-Ìjàyè

Ẹni tó bá gba Fágbà bọ́ sí ojú ọ̀nà Ìjú, tó sì rìn dé Ìṣàgá ní Ìfàkò-Ìjàyè, yóò gbọ́ ariwo bàálù kó tó rí i. Láti apá òkun ni afẹ́fẹ́ Èkó sábà máa ń fẹ́ wá, bàálù a sì máa dojú kọ afẹ́fẹ́ bí ó bá fẹ́ balẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà fi ń gba orí Ìjú àti Agége sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń tajà létí títì kì í gbójú sókè mọ́. Èmi ṣì máa ń gbójú sókè, ẹsẹ̀ bàálù ni mo sì máa ń wò.

Lónìí, táyà iwájú wà lábẹ́ imú, àwọn ńlá sì wà lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn bàálù Dakota tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà ń lò ní àkókò òmìnira, ní 1960, táyà ńlá méjì ni wọ́n ní níwájú, àti kékeré kan lábẹ́ ìrù. Wọ́n le í darí lórí ilẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ẹnìkan ń fi ẹ̀yìn wà pẹ̀lú eré gidi: bí ó bá yà díẹ̀, ìdí rẹ̀ a fẹ́ sáré kọjá orí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwúwo irú bàálù yìí ṣe wà lẹ́yìn táyà ńlá rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò bá yá, yóò yí po lójú ọ̀nà ìbalẹ̀.

Nítorí náà, ní Amẹ́ríkà, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òfurufú nìkan kò tó láti dá a wà. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ awakọ̀ ní ìgbéra àti ìbalẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ìbalẹ̀ tí táyà ńlá yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀ nígbà tí ìrù ṣì wà lókè, àti bí a ṣe ń pa ìbalẹ̀ tí kò dára tì kí a tún gbéra. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ yóò kọ ẹ̀rí sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìfò rẹ̀, tí yóò sì buwọ́ lù ú. Àwọn tó ti darí irú bàálù bẹ́ẹ̀ ṣáájú 15 oṣù kẹrin 1991 nìkan ni òfin yọ̀ǹda fún. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ń béèrè ìbuwọ́lùwé olùkọ́.

Ohun tó wú mi lórí ni pé òfin Amẹ́ríkà yìí kò dá iye wákàtí kankan. Ìgbà tí olùkọ́ bá rí i pé ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n ni yóò fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn mẹkáníìkì Agége. Ọdún àdéhùn lè pé, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó mọyì orúkọ rẹ̀ kì í fún ọmọ iṣẹ́ ní fíríídọ̀ọ̀mù bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì mọ iṣẹ́.

Ìjú-Ìṣàgá mọ ìdí tí ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ fi kan ará ilé. Ní ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kẹfà 2012, bàálù Dana tó ń bọ̀ láti Abuja já lu ilé níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, àti àwọn mẹ́fà tó wà nílẹ̀. Kì í ṣe bàálù onítáyà-ìrù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì ló pàdánù agbára. Àwọn olùwádìí sì tún sọ pé àwọn awakọ̀ kò lo ìwé ìlànà àyẹ̀wò, wọn kò sì yà sí pápákọ̀ tó súnmọ́ wọn jù lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé kò lè fi ojú ṣọ́ bàálù. Ojú olùkọ́ ló ń bá a ṣọ́ ọ. Olùkọ́ tó bá buwọ́ lùwé fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ti fi ẹ̀mí àwọn tí kò mọ̀ rí ta tẹ́tẹ́, títí kan àwọn tó ń jẹun ọ̀sán nínú ilé wọn ní Ìṣàgá.