L'Ágége, Àlejò Ló Ń Bọ́ Onílé!

Bí àlejò bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Pẹ́n Sínímà, tó ní ebi ń pa òun, ọmọ Agége tó ń mú un kiri kì í rìn jìnnà. Búrẹ́dì ni yóò kọ́kọ́ rà fún un: gbígbóná, tí wọn ò gé, tó ki dáadáa.

Ta ló kọ́ wa? Ará Jàmáíkà ni o! Ọdún 1913 ni Amos Shackleford dé, iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ló bá wá. Nígbà tó yá, òun àtìyàwó rẹ̀ dá bẹ́kárì sílẹ̀ l'Ékòó. Òun náà ló mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ fúláwà pípò wọ ilẹ̀ wa. Ẹ̀rọ yẹn ló ń mú búrẹ́dì Agége ki.

Ẹ̀wà àgànyìn ńkọ́? Àgànyìn ni ará Èkó ń pe àwọn ará Tógò àti aládùúgbò wọn. Ẹ̀wà á rọ̀ múyẹ́. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà á dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú.

Súyà ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Òwò obì ló kó ọ̀pọ̀ Hausa wá s'Ágége.

Lóṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Ará Gánà ló pọ̀ jù, ará Tógò náà wà níbẹ̀. Wọ́n lé èèyàn, wọn ò rí ọbẹ̀ lé.

Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó bá tún fẹ́ fojú burúkú wo àlejò, kó kọ́kọ́ wo inú abọ́ ara rẹ̀.