Ìdánwò Tó Ṣi Ẹjọ́ Dá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó kàn wá.

Àwa méjì la kọ ètò kékeré kan tó ń yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò. A gbé àkọsílẹ̀ bàbá kan tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé ní Kétu síwájú rẹ̀. Ètò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ gbogbo rẹ̀: ɛ kò tọ́, ɔ kò tọ́, sh kò tọ́. Inú wa dùn pé ìdánwò wa ń ṣiṣẹ́. A fàlà pupa sí ìwé náà, a dá a padà. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló sọ fún yín pé mo ṣì í kọ?” A kò rí èsì fọ̀.

Ètò wa pín sí méjì: ọ̀kan ń ka ìwé, èkejì ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì jọ ń lo ibì kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní shmat ló ń so ètò mọ́ irú ibi àjùmọ̀lò bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń kà nípa rẹ̀ la bá ìtàn kan pàdé.

Ìrántí kọ̀ǹpútà dà bí òpópónà tí gbogbo ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni àdírẹ́sì. Ìlànà POSIX, tí àtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1988, wà kí ètò kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ẹ̀dà tòní sọ bí shmat ṣe gbọ́dọ̀ hùwà. Bí ètò kò bá dárúkọ àdírẹ́sì, ẹ̀rọ ni yóò yan ibi tí yóò wà. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ẹnu ààlà, àwọn ààlà náà sì fi báìtì 4096 jìnnà síra lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, EINVAL ni èsì, ìyẹn ni pé ohun tí o béèrè kò tọ́. Ṣùgbọ́n bí ètò bá fi àmì SHM_RND kún un, ẹ̀rọ yóò fà á sísàlẹ̀ dé ààlà. Ẹni tó bá béèrè 1 yóò bá ara rẹ̀ ní òdo.

Wọ́n máa ń fi òdo sílẹ̀ lófo, kí ètò tó bá ṣìnà dé ibẹ̀ lè ṣubú lójú kan náà, kí a sì tètè mọ̀. Nítorí náà, ní 2017, àwọn tó ń tọ́jú Linux ka ọ̀nà yìí sí ewu, CVE-2017-5669, wọ́n sì dí i. Linux Test Project, tó ń dán Linux wò bóyá ó ń ṣe bó ti yẹ, kọ ìdánwò sí i: ẹ̀rọ tó bá jẹ́ kí 1 di òdo ti kùnà.

Ní 2018, wọ́n rí i pé apá kan nínú X11, ètò àtijọ́ tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ, ń mọ̀ọ́mọ̀ béèrè 1 pẹ̀lú SHM_RND. Ìsàlẹ̀ ìrántí gan-an ló ń wá, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ ló sì ń lò ó. Àtúnṣe 2017 ti ba iṣẹ́ ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ jẹ́. Wọ́n wọ́gi lé e. Òfin kékeré ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: bí ètò bá fi SHM_REMAP kún un, ìyẹn ni pé ó fẹ́ gba ibi tí nǹkan mìíràn ti wà, tí àdírẹ́sì sì wálẹ̀ di òdo, EINVAL ni yóò gbà. Wọ́n tún ìdánwò náà kọ bákan náà.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá yé wa. Láti 1975 ni orílẹ̀-èdè Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè rẹ̀, ɛ, ɔ àti sh sì wà nínú rẹ̀ fún Yorùbá. Àwa tí a fi Faransé kàwé láti kékeré, ìwé tó ti Nàìjíríà wá la fi kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá, irú àkọtọ́ tí a fi kọ ojú-ewé yìí. Òun nìkan la fún ètò wa. A kò bi ẹni tó ti ń gbé inú ilé léèrè kí a tó ti ìlẹ̀kùn.

A kò da ìdánwò wa nù. A dín òfin rẹ̀ kù: kí ó kọ́kọ́ béèrè àkọtọ́ tí òǹkọ̀wé ń lò, kí ó sì kọ kìkì ọ̀rọ̀ tí méjèèjì bá dà pọ̀ nínú rẹ̀. A padà lọ bẹ bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ètò tuntun náà rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré tí ẹ àti ɛ ti dà pọ̀. Bàbá gba bírò lọ́wọ́ wa, wọ́n tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ fúnra wọn.