Ẹ Wo Eré Náà Parí Kí Ẹ Tó Dá a Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀, torí ẹni tó bá kà á dé àárín ló máa bá mi jà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ dírámà kéékèèké ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò sọ ti àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Mò ń sọ ti àwọn ọ̀dọ́ méje, mẹ́jọ, tí wọ́n kó ara wọn jọ nínú ìjọ kan ní Ìjerò, tàbí ní Àrámọkọ, tàbí ní Ìkòrò wa níbí. Aṣọ tí wọ́n fi ń ṣeré, inú àpótí ìyá wọn ló ti wá. Jẹnẹrétọ̀, wọ́n yá a ni. Owó ọkọ̀, àwọn náà ló dá a láàárín ara wọn. Wọ́n á ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n á gbé e dé ìlú kan tàbí méjì sí i, ó tán nìyẹn.

Ìbéèrè mi ni pé: ta ló ń sọ fún wọn bóyá eré náà dára?

Ẹjọ́ méjì péré ni mo rí tí àwa ará ìjọ ń dá fún wọn. Àwọn kan á ti dá wọn lẹ́bi kí wọ́n tó tan iná. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ tún ti kó aṣọ babaláwo wọ ilé Ọlọ́run!" Àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o! Á túbọ̀ máa lò yín!" Wọn ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó dá wọn lẹ́bi ò wo eré náà. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ yẹn náà, ẹ má bínú, kò dá mi lójú pé ó wò ó.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìjọ ni eré orí ìtàgé Yorùbá ayé òde òní ti jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, Hubert Ògúndé, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run jáde ní Glover Memorial Hall, l'Ékòó. Ìjọ aládùúrà kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, Church of the Lord, ló ní kó ṣe é. Àwa la bí ọmọ náà. Ọmọ tí a bí, a wá ń wò ó bí àlejò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Dúró Ládípọ̀ ní Òṣogbo. Òṣìṣẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints', ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Ariwo ta. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá pé irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dún níwájú pẹpẹ. Ṣé ẹ rí i, ìtàn Jésù tí ọmọkùnrin yẹn ń sọ kọ́ ni wọ́n bá a fà. Ìlù nìkan ni etí wọn gbọ́. Ó gbé orin rẹ̀ jáde kúrò níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 1963, *Ọba Kò So* jáde. Nígbà tó di 1964, wọ́n ti gbé e dé Berlin, ní Jámánì. Ní 1965, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá jókòó, wọ́n wò ó tán, wọ́n sì yìn ín.

Èmi pásítọ̀ ò ní sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú eré Ṣàngó ni mo fara mọ́. Irọ́ nìyẹn á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: lónìí, ìjọ wo ló kù ní Èkìtì tí gángan kì í dún níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́? Ìlù tí wọ́n torí ẹ̀ bínú sí Ládípọ̀, òun la fi ń jó lọ síwájú pẹpẹ báyìí. Ká ní àgbà kan jókòó tì í nígbà yẹn, kó ní, "Dúró, ibi báyìí dára, ibi báyìí kò tíì tó," bóyá orin Àjíǹde mélòó kan sí i ì bá wà lọ́wọ́ wa. Àwọn tó yẹ kó wò ó ò wò ó. Ẹlòmíràn ló wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sílé. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni, ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì wa níbí. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Tíṣà ni, ẹgbẹ́ kékeré ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wù mí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé òun rí ẹni tó wò ó. Ulli Beier, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wo eré Ògúndé, ó wo ti Ògúnmọ́lá, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní 1954. Kò kàn pàtẹ́wọ́ kó lọ sùn. Iṣẹ́ lámèyítọ́ nìyẹn, ó rọrùn bẹ́ẹ̀: kéèyàn wò, kó rò ó, kó sọ ohun tó rí.

Ní 1962, Ògúnmọ́lá rí owó ìrànwọ́ Rockefeller Foundation gbà, ó sì lọ lo oṣù mélòó kan ní ilé ẹ̀kọ́ eré ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe *Ọ̀mùtí*, láti inú ìwé tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní 1952. Demas Nwoko ló ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé. Eré yẹn jáde ní 1963; ní 1969, ó dé Algiers, níbi àjọ̀dún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìtàn ọ̀mùtí ẹlẹ́mu! Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí wọ́n bá lẹ orúkọ yẹn mọ́ ògiri ní Ìkòrò lónìí, ṣé ẹ ó yọjú? Ẹ ó ní wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ọtí mímu. Bẹ́ẹ̀ Ògúnmọ́lá sọ ìrìn àjò ọ̀mùtí yẹn sí ìlú àwọn òkú di àlá. Ọkùnrin náà sùn, ó sì jí. Ẹni tó bá dìde lọ ní àárín, ọ̀mùtí ló rí. Ẹni tó jókòó dé òpin ló rí ẹni tó jí lójú oorun.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ apá kejì, torí òun ló burú jù fún wa báyìí. Bí a ṣe lè fi èpè pa ẹgbẹ́ kékeré, bẹ́ẹ̀ náà la lè fi ìyìn pa á.

Nígbà tí Mike Bámilóyè àti àwọn ẹni díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Mount Zion ní 1985 ní Ilé-Ifẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré ni. Ẹ wo ohun tó dà lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé nígbà tí *Agbára Ńlá* jáde, ẹ sọ fún mi, ta ni kò bẹ̀rù Ayamatanga? Àwọn kan wà tí wọn ò lè dá lọ tọ̀ lóru! Ó ti lé ní 30 ọdún, orúkọ yẹn ṣì wà lẹ́nu wa. Ohun tí eré bá fi han ojú, ọkàn kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ìwàásù mi ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ ti lè gbàgbé. Ẹ ò ní gbàgbé ẹni tí ẹ rí lórí ìtàgé.

Torí náà, bí eré bá sọ ohun tí kò tọ̀nà, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan wá ṣeré ní àdúgbò wa. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìtàn tọkọtaya tí kò bímọ ni. Ìyá ọkọ ló di inú ìyàwó, àjẹ́ ni ìyá náà. Ẹni tó ṣe ìyá yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Ó so gèlè dúdú, ó tẹ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ lórí ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n pe ìpè, àwọn tó jáde pọ̀. Ọrẹ wọlé. Gbogbo wa ní, "Olúwa ṣeun."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, mo ṣàkíyèsí nǹkan. Màmá àgbà kan wà ládùúgbò tó ń ta ẹ̀kọ lówùúrọ̀. Opó ni, ó ń tẹ ọ̀pá, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nílé. Àwọn ọmọdé tó máa ń sáré lọ ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá. Ọ̀kan tọ́ka sí i, ó pe orúkọ tí wọ́n pe ìyá inú eré yẹn. Màmá ò mọ nǹkan kan nípa eré. Ó kàn bi mí pé, "Pásítọ̀, kí ni mo ṣe fún àwọn ọmọ yìí?"

Kí lẹ fẹ́ kí n dá a lóhùn? Pé ènìyàn púpọ̀ ló jáde wá síwájú pẹpẹ?

Mo pe olórí ẹgbẹ́ náà. Mo kọ́kọ́ sọ ohun tó dára: wọ́n mọ eré ṣe, ohùn wọn já geere, orin wọn wọ ìtàn. Lẹ́yìn náà mo sọ ti màmá ẹlẹ́kọ. Inú bí i. Ó ní Ẹ̀mí ló fún òun ní eré yẹn, ta ni èmi tí n ó tún un ṣe? Mo ní, ọmọ mi, bí Ẹ̀mí bá fún wa lọ́rọ̀, ọwọ́ wa náà la fi ń kọ ọ́, ọwọ́ wa sì lè wọ́. Àwọn baba wa ní ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ló ń rí i. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó lọ.

Ó tó oṣù méjì kó tó padà wá. Wọ́n ti yí eré náà padà. Ìyá ọkọ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ilé ṣì fura sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá náà mọ́; àìsàn tí ọkọ fi pamọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Wọ́n ṣe é ní ìlú mìíràn, mo bá wọn lọ. N ò ní tàn yín: àwọn tó jáde nígbà ìpè kò tó ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ náà bínú kúrò, wọ́n ní pásítọ̀ ti ba eré àwọn jẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ọkùnrin kan tó ti tó ẹni ogójì ọdún, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tí wọ́n ti ń kó àga, tó ń sunkún. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Iye àwọn tó jáde kọ́ ni ìwọ̀n kan ṣoṣo tí a fi ń wọn eré. Ẹ rántí Ìsíkíẹ́lì. Ọlọ́run ní kó ya àwòrán Jerúsálẹ́mù sórí amọ̀, kó dó tì í, kó fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀ fún 390 ọjọ́. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ dírámà, ẹ sọ orúkọ tó ń jẹ́ fún mi. Òun kan náà ni Ọlọ́run sọ fún pé àwọn ènìyàn náà gbádùn rẹ̀ bí ẹni gbádùn olórin olóhùn iyọ̀: wọ́n á wá, wọ́n á gbọ́, wọn ò ní ṣe é. Èrò pọ̀, àtẹ́wọ́ wà, ọkàn kò yí padà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín nìyí. Bí àwọn ọmọ bá gbé eré wá, ẹ jókòó dé òpin. Bí aṣọ babaláwo bá bà yín nínú jẹ́, ẹ dúró wo ohun tí ìtàn fi babaláwo náà ṣe. Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ bi ara yín: kí ni eré yìí sọ pé ó jẹ́ òótọ́? Ta ló máa fara gbọgbẹ́ bí a bá gbà á gbọ́? Ibo ló ti mú mi, ibo ló ti sú mi? Lẹ́yìn náà, ẹ pe olórí ẹgbẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ fi owó epo jẹnẹrétọ̀ tì í, kó lè mọ̀ pé ẹ ò kórìíra òun.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣeré, ẹni tó ní ibì kan kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ yín kì í ṣe ọ̀tá. Ó wò yín dé òpin ni. Ẹ bi ẹni tó kàn ń pàtẹ́wọ́ pé kí ni orúkọ ìyàwó inú eré náà. Ẹ ó rí i pé kò mọ̀ ọ́n.

Olúwa yóò fún wa ní ojú tó ń ríran, yóò sì fún wa ní ẹnu tó lè sọ òtítọ́ láì fọ́ ọmọ ẹlòmíràn lórí. Ẹgbẹ́ kékeré tó wà ní ìlú yín kò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́, ní orúkọ Jésù.

Ẹ bá mi ṣe àmín. Bí ẹ bá mọ ẹgbẹ́ kan tó ń múra eré Àjíǹde sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ìlú wọn síbí. N ó gbìyànjú láti wá, n ó sì jókòó dé òpin.