Èésú Àwọn Dísìkì Mi

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé etí òkun rí, ẹ mọ ohun tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fi irin ṣe. Ní Àgbádárìgì wa níbí, ìṣó òrùlé kì í pẹ́ kó tó dógùn-ún. Iṣẹ́ fótò àti fídíò ni mo ń ṣe, dísìkì kọ̀ǹpútà sì ni àká mi. Ní ọdún 2016, èyí tí mo kó gbogbo iṣẹ́ mi sí dákú, kò sì jí mọ́. Ìyàwó tuntun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya mọ́ mi lọ́rùn nítorí fótò ìgbéyàwó rẹ̀. Kí ni mo lè wí? Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ohùn ìyá mi ló dùn mí jù. Kí wọ́n tó kú, wọ́n sọ fún mi lédè Ègùn bí wọ́n ṣe máa ń kó ẹja sọ́kọ̀ láti Gberefu wá sọ́jà. Inú dísìkì yẹn ló wà. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi obìnrin tó ní ẹ̀dà kan lórí fóònù rẹ̀.

Mo wá ń ra dísìkì díẹ̀díẹ̀ bí owó ṣe ń wọlé: oní-tẹ́rábáìtì 1, oní-2, oní-3. Mo kó wọn tọ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ajárá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "6 lẹ rà o, ṣùgbọ́n 2 péré lẹ máa rí lò tí a bá fi mdadm so wọ́n pọ̀ ní RAID 5."

"Ta ló wá jí 4 tó kù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo mọ èésú. Iye tí agbára tálákà inú wọn bá ká ni olówó náà máa dá. Ìyókù owó rẹ̀ á máa sùn lápò. Kálukú dísìkì á dá 1, ó di 3. Nínú 3 yẹn, 1 lọ fún ìṣirò tí wọn ó fi tún nǹkan kọ bí ọ̀kan bá kú. Àyè 3 yòókù wà lásán.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta kan ní Yunifásítì California ní Berkeley, Patterson, Gibson àti Katz, ló kọ̀wé lórí RAID ní 1988, pé kí a kó ọ̀pọ̀ dísìkì olówó pọ́ọ́kú jọ dípò ńlá kan tó wọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àfi pé tèmi kò dọ́gba, jàre.

Ọmọ náà ní ọ̀nà mìíràn wà. Btrfs, tó wọ inú Linux ní 2009, kò ní kí wọ́n dọ́gba. Ní RAID 1 tirẹ̀, ẹ̀dà méjì ló ń fi pamọ́ fún gbogbo nǹkan, lórí dísìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, níbi tí àyè bá ti pọ̀ jù. Ìdajì 6 ni mo máa rí lò, ìyẹn 3, tí èyí tó tóbi jù kò bá ti ju àwọn yòókù lápapọ̀ lọ. Mo fi ìka ṣírò: 1 àti 2, 3. Ó ṣe rẹ́gí! Mo ní kó ṣe é.

Lásìkò òjò ọdún 2022, oní-3 bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́. Kó tó dalẹ́, ó ti kú. Àyà mi já. A ní kí kọ̀ǹpútà máa fi méjì tó kù ṣiṣẹ́, mo sì tẹ ohùn ìyá mi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, wọ́n tilẹ̀ ń bá mi wí pé n kì í jẹun bó ṣe yẹ.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ọwọ́ tèmi náà lè ṣe mí. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí oorun ń kùn mí, tí mo pa odidi fódà rẹ́ fúnra mi. Ẹ̀dà méjèèjì ló bá a lọ, ohùn ìyá mi sì wà níbẹ̀. Fóònù àbúrò mi yẹn náà ni mo tún sá lọ bá.

Ní báyìí, dísìkì kẹrin wà tí kò bá àwọn yòókù dá èésú rárá. Ìparí oṣù ni mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Abẹ́òkúta, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kò dé.